Adé Òdòdó Níwájú Pẹpẹ

Ìyàwó ní òdòdó lòun máa dé. Pásítọ̀ ní òun ò ní so olódòdó pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn láàárọ̀ Sátidé tí ìyàwó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Oyèníkẹ́ aṣerunlóge ní Agége, lọ́dún kejì tí ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, torí pé àwọn NEPA ti ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Oyèníkẹ́ ti fọ irun náà, ó ti kun dáì dúdú sí i, ó wá ń ká a sókè ní ìdì ìdì. Iwájú orí fẹ́lẹ́ díẹ̀, ó sì fi àtáṣímẹ́ǹtì dí i. Ìyàwó ní kó fún òun ní tìmùtìmù, ẹ̀yìn ń dun òun. Oyèníkẹ́ fún un, kò bi í ní ìdí. Adé náà wà lórí tábìlì: òdòdó oníke, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀. Orí òyìnbó kan nínú kàlẹ́ńdà ni ìyàwó ti rí irú ẹ̀, ó sì ya ojú ewé náà wá fún Oyèníkẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú lo fẹ́ẹ̀lì ìbòrí," ni Fọláyọ̀ wí. Fọláyọ̀ ni yóò dúró ti ìyàwó níwájú pẹpẹ. Òun ló di báàgì mú, tó tún ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó. "Tí Pásítọ̀ bá lé wa jáde, ojú wo la máa fi wo àwọn èèyàn?"

"Ìwọ ni ìyàwó ni, àbí èmi?"

Fọláyọ̀ tún gbé páálí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ.

Pásítọ̀ gan-an ló sì dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Pásítọ̀ Olúwarótìmí ti ń kéde pé tọkọtaya tó bá ń gbé pọ̀ láìgba ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì kò ní jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ba ìyàwó àti ọkọ rẹ̀. Wọn ò bá a jà, wọ́n mú ọjọ́, wọ́n ránṣọ. Ìgbà tí Pásítọ̀ wá gbọ́ nípa òdòdó ló gun pẹpẹ, tó ní adé òdòdó ni Mámíwọ́tà máa ń dé, kì í ṣe ọmọ Ọlọ́run. Bó ṣe mọ ohun tí Mámíwọ́tà ń dé, kò ṣàlàyé.

Job, akọ̀wé ìjọ, ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Òógùn ti bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, ó ní wọ́n kú ìnáwó.

"Pásítọ̀ ló rán mi. Wọ́n ní kí n wò ó bóyá òdòdó yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Oyèníkẹ́ fi ìyarun júwe tábìlì. "Ojú ẹ ṣáà ríran."

"Wọ́n ní kò sí ojúsàájú nínú ilé Olúwa. Ẹni yòówù kó jẹ́, kó ṣí i kó tó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ o, wọ́n rán mi ni. Alága ìjọ wa ń bọ̀ láti Maryland, Pásítọ̀ ò fẹ́ ìtìjú."

"Job, sọ fún un pé ìjọba alágbádá la wà báyìí," ni ìyàwó wí. "Ṣọ́jà ti padà sí bárékè. Kò sẹ́ni tó ń fàṣẹ dé fìlà fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Kó o sọ pé mo kí i."

Nínú gbogbo ìjọ yẹn, kò wọ́pọ̀ kéèyàn fi irú ẹnu yẹn ránṣẹ́ sí Pásítọ̀. Job gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Oyèníkẹ́ gbé adé lé e lórí, ó ń fi píìnì há a. "Kí ló tiẹ̀ wà nínú òdòdó yìí tẹ́ ẹ fẹ́ kú lé e lórí?"

Ìyàwó wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Lọ́jọ́ tí mo kó dé ilé ọkọ mi, gèlè àyálò ni mo wé. Ẹni tó ni ín wá gbà á lórí mi kílẹ̀ tó ṣú, lójú àwọn èèyàn. Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà pé tí a bá máa ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè wá gbà lórí mi ni mo máa dé."

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Fọláyọ̀ ò tún dárúkọ fẹ́ẹ̀lì mọ́.

Ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ fóòmù kan ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀, ní Ifákò, òórùn fóòmù kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Oyèníkẹ́ tẹ̀ lé wọn, torí bí adé bá yẹ̀ lórí lọ́nà, orúkọ aṣerunlóge ló máa bàjẹ́. Bí ìyàwó ṣe wọlé, gbogbo ìjọ ń kùn bí oyin. Ọkọ ìyàwó, nínú kóòtù aláwọ̀ wàrà, fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣí nǹkan yẹn kúrò lórí," ni Pásítọ̀ wí. Kò wo ojú ìyàwó. Ojú ìwé ìsìn ló ń wò.

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀ o," ni ọkọ ìyàwó wí.

"Mi ò ṣí i," ni ìyàwó náà wí, makirofóònù sì gbé ohùn rẹ̀ dé ẹnu géètì. "Tí kò bá sí ìsopọ̀, kò burú. A ó padà sílé wa, a ó sì máa gbé bá a ṣe ń gbé."

Alága ìjọ tó wá láti Maryland wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù. Job ń wo òrùlé. Ìyàwó ti yí padà, ó ti ń kó aṣọ rẹ̀ nílẹ̀ láti máa lọ.

Pásítọ̀ Olúwarótìmí pa ìwé ìsìn dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá tó bí i, ó dìde, ó sì ní kí bàbá òun di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.