Ẹní Ìsinmi Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Àlọ́ mi já gbò-ó, ẹ̀yìn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, aláàárù Erin, ló já lé. Nígbà tí ẹrù iṣu fẹ́ kán an lẹ́yìn, Erin háyà Ọ̀bọ pé kó wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sinmi.

Ọ̀bọ ò tiẹ̀ bá a sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní: "Dijú, kó o mí kanlẹ̀."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ forin bẹ̀ ẹ́:

"Ọ̀bọ, jọ̀ọ́ sọ̀ mí o —
Jáńgbálá!
Ẹrù ń pa mí lọ —
Jáńgbálá!"

Ọ̀bọ ń pàtẹ́wọ́, ó ń gbè é! Kí ni ká ti gbọ́ èyí sí? Erin náà fi ẹní ìsinmi ta á lọ́rẹ, ó gbé ẹní náà lé orí iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá dijú, ó mí kanlẹ̀, ó yí gbiri sórí ẹní. Iṣu rún wómúwómú.

Erin figbe ta: "Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

"Ẹ̀yin náà ni, bàbá."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ sọ̀ wá ná, kẹ́ ẹ tó kí wa kú iṣẹ́.