Okùn Tí Àtàndá Gé

Ìkánjú kò jẹ́ kí Àtàndá ka ohun kékeré sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, káfíńtà ní ọjà àga Kugbo ní Àbújá, ọwọ́ rẹ̀ sì dáńtọ́. Rútà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí eyín rẹ̀ ń yí bí òòyì, tí wọ́n fi ń gbẹ́ òdòdó sí etí pákó. Bí Àtàndá bá gbé e, a ó fẹ́ rò pé igi náà ló ń yọ òdòdó fúnra rẹ̀. Wọ́n ń wá a wá láti Wuse àti Jabi. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń gbá rútà mú ni oko rẹ̀.

Gafar, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ló fi rútà sílẹ̀ fún un nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Gafar ti fi okùn kúkúrú so sípánà tí wọ́n fi ń tú eyín mọ́ orí wáyà ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò iná lára ògiri. Bí a kò bá kọ́kọ́ yọ wáyà lára ògiri, sípánà kò lè dé ibi eyín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àtàndá fi ọ̀bẹ gé okùn náà.

“Àtàndá, kí ni okùn fi ṣe ọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ń fà mí sẹ́yìn ni. Ṣé ewúrẹ́ ni sípánà, tí a óò máa so ó?”

Gafar rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ewúrẹ́ tí a kò so, iṣu aládùúgbò ló ń jẹ. Èyí tí o tú yìí, ìka ló ń jẹ.”

“Kai, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹgà ní í sọ pé ẹgà ń pàtótó.

Ní ọ̀sán, Àtàndá ń gbẹ́ ìgbérí bẹ́ẹ̀dì kan lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Eyín rẹ̀ kò mú mọ́, ó sì rò pé àkókò tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Kò pa bọ́tìnnì tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sì yọ wáyà. Ó mú sípánà.

“Yọ wáyà o,” ni Gafar wí láti orí àga rẹ̀.

“Iná tí kò sí, Ẹ̀gbọ́n?”

“Kò dágbére kó tó lọ. Kò ní kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.”

Kí Gafar tó dìde, ọjà ti hó: “Iná ti dé!” Nítorí ayọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tètè gbọ́ igbe Àtàndá.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán èyí tó ṣeé rán. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún àti ìka méjì lọ. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé yóò tún lè gbá rútà mú?”

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Àtàndá padà sí Kugbo. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó sì fi ọwọ́ òsì àti eyín ẹnu rẹ̀ so sípánà padà mọ́ orí wáyà. Ó pẹ́ kó tó so ó tán. Gafar kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé kò fẹ́.

“Ẹni yòówù tí ẹ bá gbé rútà fún, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó gé okùn yìí.”

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ yọ wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan eyín ẹ̀rọ, iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí. Ẹ má sì fojú tín-ín-rín ìkìlọ̀ kékeré tí àgbà fi sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn wa kì í sábà pariwo. Okùn kékeré ni wọ́n ń so sílẹ̀ fún wa, ìgbà tí a bá sì ti gé e tán la máa ń mọ ohun tó ń dì mú.