Àkójọ Orúkọ Onídènà

Gbogbo ímeèlì ló ní orúkọ ilé tó ti ń bọ̀, orúkọ yìí sì ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onídènà ń ṣọ́. Òun ló ń tọ́jú sáfà, ẹ̀rọ tí ímeèlì ń gbà wọlé, fún àwọn mọ́kànlá tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà. Orúkọ tó bá ti bọ́ sínú àkójọ rẹ̀, ímeèlì ilé bẹ́ẹ̀ ò ní í wọlé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà, ẹnikẹ́ni ò ní í kà á. Òfin kan wà tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lé lórí: orúkọ tí kò bá tíì pé oṣù kan láyé, ẹlẹ́tàn ni.

Ọ̀gá wọn obìnrin fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ti kọ̀wé sí olú-iléeṣẹ́ pé Onídènà ni kí wọ́n fi rọ́pò òun. Ọdún méjìlá ni ọkùnrin yìí ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń pè é ní ọ̀gá nílé. Láràárọ̀, kó tó gbé báàgì kúrò léjìká, á ti wò ó bóyá èsì dé. Kì í bá nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ yẹn, olú-iléeṣẹ́ da pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì fi kọ́ọ̀bù tuntun tí wọ́n kọ orúkọ sí lára ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́. Onídènà fẹ́ràn tirẹ̀. Òun ló fi ń mu tíì nídìí sáfà.

Lọ́jọ́ kejì, orúkọ tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ sínú àkójọ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ náà ò sinmi.

“Olóríkunkun kan wà níta, mà,” ló sọ fún ọ̀gá lọ́sẹ̀ kẹta. “Ó ti kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejìlélógójì.”

“Má jẹ́ kó wọlé o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà.”

Ní gbogbo àsìkò yìí, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹlifóònù ọ́fíìsì kú. Wọ́n fi ẹjọ́ sun olú-iléeṣẹ́, kò sí èsì. Omi ò yọ mọ́. Àwọn kan wá tú pátákó orúkọ iléeṣẹ́ lọ, àwọn mìíràn sì wá wọn fèrèsé. Akọ̀wé ní wọ́n fẹ́ kun ilé de ọ̀gá tuntun ni, gbogbo wọn sì ń fi Onídènà ṣẹ̀fẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dénú. Ó lọ bá ẹni tó ń wọn fèrèsé pé àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló wu òun. Ọkùnrin náà wò ó títí, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, olórí àwọn òṣìṣẹ́ kan wọlé pẹ̀lú akoto lórí, àwọn mẹ́fà tó gbé òòlù ńlá sì tẹ̀ lé e. Ó yà á lẹ́nu láti bá èèyàn nínú ilé. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀gá sì ní iṣẹ́ ni. Olórí náà fa ìwé kan yọ lápò. Orúkọ tó wà lára kọ́ọ̀bù ọwọ́ Onídènà ni wọ́n kọ sókè ìwé náà.

Ọkùnrin náà kà á sétí gbogbo wọn: “A kọ̀wé sí ẹni tó ń tọ́jú sáfà lẹ́ẹ̀mejìlélógójì pé òun la fi ṣe ọ̀gá, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì tuntun, kò fèsì, a sì gbà pé gbogbo wọn ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé ti ṣófo, ẹ wó o.”