Ilé Tí Wọn Kì í Dáhùn Ìkíni

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ.

1.

Ìlá Ọ̀ràngún ni Fúnminíyì ń gbé, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama kan ni. Gèlè rẹ̀ kì í wọ́, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ á ti jókòó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Màmá Bernice, ń gbé, ogbó sì ti dé sí màmá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti máa kọ orin ìjọ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n á jáde lọ sọ́jà láìwé gèlè, wọ́n á máa pe orúkọ àwọn tó ti kú.

Ohun kan ṣoṣo ni màmá kì í gbàgbé. Láràárọ̀, bí Fúnminíyì bá kúnlẹ̀ tó ní, "Àbẹ̀kẹ́," màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Èmi rè é, ọmọ mi." Bí wọn ò bá tíì gbọ́ oríkì yẹn, wọn ò ní fẹnu kan ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá màmá níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ìró ti ń tú nídìí wọn. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ló mú Fúnminíyì lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àánú. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

2.

Wọ́n júwe ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan fún un lọ́nà Òkè-Ìlá, Ilé Ìfàyàbalẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ bí tíṣà ṣe ń yẹ nǹkan wò. Ó fi ìka nu ojú fèrèsé, kò rí eruku. Ó wo ilé ìdáná, ó wo balùwẹ̀, ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà jókòó sórí àga ní ìlà kan, páúdà wà lọ́rùn wọn, wọ́n kọjú sí ògiri funfun. Fúnminíyì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, níbo lẹ ti rí i nílẹ̀ Ìgbómìnà kí ọmọ kúnlẹ̀ kí àgbà má dáhùn? Àgbà tó ń ṣàìsàn pàápàá á mi orí. Èyí tó ń bínú gan-an á kùn.

Fúnminíyì bojú wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì Hadassah, ẹni tó ni ilé náà, sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Wọ́n ń sinmi ni, mà. Níbí, ẹ ò ní gbọ́ ariwo."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn. Ohun tó ń wá kiri gan-an nìyẹn. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú. Ìyá arúgbó kan lórí àga ìkẹyìn ni, ojú wọn ò kúrò lára ògiri. Hadassah tú ìka ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá yìí fẹ́ràn àlejò," ló wí.

3.

Ṣẹ́gun, àbúrò Fúnminíyì, pè é láti Ìbàdàn.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Mo bá wọn sọ̀rọ̀."

Kò parọ́. Kò kàn sọ pé wọn ò dá òun lóhùn ni.

"Ṣé ẹ bi àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé náà bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí?"

"Ṣẹ́gun, ṣé ìwọ lo fẹ́ wá máa tọ́jú wọn?"

Ṣẹ́gun ní òun ti gbọ́, ó dágbére. Kò pẹ́ sígbà náà ni Hadassah pè pé àyè kan ti ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé màmá débẹ̀, màmá fúnra wọn kí àwọn tó jókòó. Wọ́n dúró títí kí ẹnì kan dáhùn, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sọ́mọ wọn.

"Fúnmi, àwọn wọ̀nyí ò dá mi lóhùn. Jẹ́ ká máa lọ ilé."

"Wọ́n ń sinmi ni, Màmá."

Hadassah ní kí Fúnminíyì má tíì wá kí màmá, kí ilé náà kọ́kọ́ mọ́ wọn lára. Fúnminíyì gbà. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

4.

Ìkórè ìjọ dé. Màmá fẹ́ràn iyán iṣu tuntun, nítorí náà Fúnminíyì gún un, ó gbé e sínú kúlà, ó gun ọ̀kadà lọ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Géètì ṣí sílẹ̀, kò sí ìró kankan. Ìlà àga náà rè é, ògiri funfun náà rè é. Lórí àga ìkẹyìn, níbi tí ìyá tó di ìró rẹ̀ mú jókòó sí lọ́jọ́sí, màmá ló wà níbẹ̀. Ìgbà náà ló yé Fúnminíyì bí àyè ṣe ṣí sílẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́."

Màmá ń wo ògiri.

"Àbẹ̀kẹ́, èmi Fúnmi ni."

Hadassah yọ láti inú yàrá pẹ̀lú ìgò oògùn àti ṣíbí kan. Kò rí ẹni tó kúnlẹ̀. Ó fi ṣíbí lu ìgò lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo àwọn àgbà orí ìlà lanu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n na ahọ́n. Màmá náà la tiwọn.

"Kí lẹ ń fún wọn?" Fúnminíyì fò dìde.

Hadassah ò tilẹ̀ jáyà. "Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n sinmi ni, mà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ariwo."

5.

Ó gbé ìyá rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní iwájú géètì wò wọ́n, ó mi orí. "A máa ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde. Ẹ ò bi wá ni."

Dókítà tó yẹ màmá wò ní oògùn oorun ni, ó sì ti pọ̀ jù lára àgbàlagbà. Hadassah ti kó ẹrù rẹ̀ sá lọ kí ọlọ́pàá tó débẹ̀.

Màmá wà láàyè. Láràárọ̀, Fúnminíyì á kúnlẹ̀, á pe oríkì yẹn títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, màmá ò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ṣíbí bá kan ife péré nílé ìdáná, màmá á lanu, wọ́n á na ahọ́n, wọ́n á máa retí. Fúnminíyì ti kó gbogbo ṣíbí ilé náà dà nù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì báyìí. Ilé náà dákẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé òbí yín fún àjèjì tọ́jú, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọn ò retí yín. Ẹ bi aládùúgbò léèrè. Ẹ bèèrè ibi tí ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.