Ìdáhùn Tí Wọ́n Fẹnu Kò Lé Lórí ní Àsàlátù

Ṣàfíù, ọmọ Alhaja Muslimat, ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá rẹ̀ ní Sabon Zongo, ní Accra. Tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì kẹ́dùn kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí ìparí rẹ̀ gan-an ló kàn yín.

1.
Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kéde pé àwọn yóò máa wọ ilé dé ilé, láti mọ iye ọ̀dọ́ tó ń mu tíràmọ́ọ̀, oògùn ìrora tí wọ́n sọ di oògùn agbára. Wọn ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àdúgbò tí iye náà bá ti pọ̀ jù ni wọn yóò kọ́ ilé ìtọ́jú sí.

Muslimat ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn Yorùbá. Lẹ́yìn àdúrà, ó dìde.

"Ẹ gbọ́ o. Tí wọ́n bá dé, ohun kan náà ni ká sọ: kò sí nínú ilé wa."

"Tó bá wá wà ńkọ́?" Alhaja Àgbékẹ́ ló bèèrè.

"Níbo ló wà? Àbí ilé tìrẹ ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. 

"Wọ́n á ní Àlátà, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ló ń tà á, Àlátà náà ló ń mu ún," Muslimat ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ta ló máa wá fẹ́ ọmọ wa?"

Gbogbo wọn ní òótọ́ ni.

2.
Àmínà, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bí sí Accra níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà, ló wá bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù Muslimat.

"Mama, mo bẹ̀ yín, a ò kọ orúkọ."

"Ọmọ mi, ṣé o ò gbọ́ ni? Kò sí!"

Lásìkò yẹn, Ṣàfíù ń ru ẹrù ní èbúté Tema láti òwúrọ̀, á sì dé láìrẹ̀ ẹ́. Kì í sùn bọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Mọ́mì. Oògùn ẹ̀yìn ni."

Muslimat fúnra rẹ̀ ló bu omi fún un tó fi gbé e mì. Ọmọ òun mà lápá o, ohun tó ń rò nìyẹn.

3.
Ọjọ́ tó ṣubú, wọ́n gbé e sáré lọ sí kílíníìkì kékeré tó wà ládùúgbò. Àmínà ló bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ rọlẹ̀, ó ní tíràmọ́ọ̀ ló ṣe é, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tuntun ní James Town.

"James Town kẹ̀? Kí ló dé tí kò sí níbí?"

"Mama, ilé tí mo bá ti wọ̀ níbí, kò sí ni wọ́n ń sọ. James Town sọ pé ó wà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí."

"Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ pé ó wà. Ò ń rí wọn lójú títì!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ nìkan ni mo lè kà."

 Ọ̀rọ̀ náà kò yé Muslimat. Gbólóhùn tí òun sọ ní àsàlátù, báwo ló ṣe wá gbé odindi ilé lọ sí àdúgbò ẹlòmíì?

4.
Ní àsàlátù tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó sì sọ ti Ṣàfíù. 

"Mísbáù ọmọ tèmi ti ń mu ún tipẹ́," Àgbékẹ́ sọ. "Ẹ̀yin lẹ fi mí rẹ́rìn-ín."

Obìnrin kan bú sẹ́kún. Òmíràn ní àbúrò òun ni. Òmíràn ní ọkọ òun.

Muslimat jókòó. "Tó bá wà nílé gbogbo wa, ta là ń fi í pa mọ́ fún?"

 Ó rò ó títí, kò rí orí rẹ̀, kò rí ìdí rẹ̀.

Ṣàfíù lọ sí James Town fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, oòrùn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì padà sílé. Lọ́jọ́ kan, ó jáde láti lọ gba ìtọ́jú, kò sì débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí wọ́n bá wá bèèrè ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ yín, ẹ má torí orúkọ ìdílé sọ pé kò sí. Ẹni tí wọn ò kà, wọn ò ní gbé ìtọ́jú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ pín in fún àwọn òbí míì.

Wọ́n ti ṣe ìwádìí náà lẹ́ẹ̀kejì ní Sabon Zongo. Àbájáde rẹ̀ kò tíì jáde. Ṣàfíù kò tíì padà wálé.