Ọ̀rọ̀ Àgbáyé ní Òkè-Àró

"Tí bọ́ǹbù Rọ́ṣíà yẹn bá bú gbàmù, kò ní yọ Àkúrẹ́ sílẹ̀ o!" Alága ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nídìí oníwèé-ìròyìn, níbi tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ àgbáyé ní gbogbo Sátidé.

"Ìjàrẹ́ ńkọ́?"

"Ìjàrẹ́ ló máa kọ́kọ́ lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Télọ̀ rọra nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ogun yẹn lè kan àwọn tó ń dáná fún sójà Rọ́ṣíà? Olúgbémiga, ọmọ mi, iṣẹ́ kúùkù ló bá lọ síbẹ̀. Kò pè mí mọ́."

"Ta ló ń pa kúùkù? Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Gbémiga." Bísọ́dún gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ wá wo bí ojú àwọn sójà wọn ṣe ń rí màbo!"

Nínú fídíò náà, sójà Rọ́ṣíà kan ń sáré, ó ń ju ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan já bọ́ látòkè. Èéfín bò ó.

"Góòlù!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Télọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ ìsáré yẹn láti ìgbà tí Gbémiga ti ń kọ́ ìrìn. Ó di ọwọ́ Bísọ́dún mú.

"Jọ̀ọ́, dá a padà síbi tó ti ń sáré. Dá a dúró níbẹ̀."