Abẹ́rẹ́ Rahmah

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Mojí nọ́ọ̀sì ti ń kiri àdúgbò ní Ìjẹ̀bú-Òde, kúlà abẹ́rẹ́ léjìká. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà fún àwọn ọmọbìnrin, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ má baà mú wọn lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni wọ́n sì ti ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohùn kan tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Dókítà Frederick ń sọ níbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà máa ń sọ ọmọbìnrin di àgàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn asalátù, Mojí wọ ilé Mùínátù aláṣọ. Rahmah, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, jókòó ti ìyá rẹ̀. Mùínátù tẹ fóònù.

"Ẹ gbọ́ fúnra yín, Nọ́ọ̀sì."

Mojí gbọ́ ọ dé òpin. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ẹni tó bá ìdin nínú ọbẹ̀.

"Ìyá Rahmah, ohùn ọmọ Ìjẹ̀bú nìyí! Frederick wo ló ń sọ̀rọ̀ bí ará Ibefun?"

"Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?"

"Àlàájà tá a jọ sùn nínú àgọ́ kan ní Mínà ni. Ẹni tá a jọ ṣe Hájì! Kò lè parọ́ fún mi láé."

"Ṣé ẹ bi í níbi tó ti rí i?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í sí? Ṣé ọlọ́pàá ni mí?"

Ọ̀rọ̀ náà kó Mojí nírìíra. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló pa ìyá Mùínátù lọ́dún tó kọjá. Mojí ló ń pààrọ̀ aṣọ abẹ́ ìyá náà, òórùn rẹ̀ ò sì tíì kúrò nímú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ìyá náà ló wá jókòó síwájú rẹ̀ yìí.

"Ẹ̀yin àtèmi la jọ fọ aṣọ Màmá. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Mùínátù fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo bí, Nọ́ọ̀sì. Tí kò bá wá rí ọmọ bí ńkọ́?"

"Èmi náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí."

"Ayọ̀mípọ̀sí? Ó ti gba tiẹ̀?"

Mojí ṣí kúlà, ó ń wá òwú. "Òun ni mo fi ṣáájú."

"Kò ṣe é ní nǹkan kan?"

"Àbí ẹ ò rí i lánàá, tó ń fò kiri bí ewúrẹ́? Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Mùínátù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá ti wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!"

Fúnra rẹ̀ ló ká apá aṣọ Rahmah sókè. Ọmọ náà yánu láti ké, abẹ́rẹ́ ti jáde. Kí Mojí tó palẹ̀ mọ́, Mùínátù ti fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní asalátù, pé ọmọ nọ́ọ̀sì gan-an ti gbà á. Wọ́n ń fa àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ bọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Láàárín wákàtí méjì, abẹ́rẹ́ tán.

Bí Mojí ti ń lọ sílé, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ayọ̀mípọ̀sí ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì wa tó wà ládùúgbò yìí ló ti gba abẹ́rẹ́ yẹn lónìí, ó ku èmi nìkan."

"Wàá gba tìẹ," ni Mojí wí, ó ń bọ́ bàtà, "tí o bá ti bímọ tán."